Májèlé Tó Ń Tú Ọwọ́ Tó Ká

Ní Kàlàbá láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn láàárín àwọn Ẹ́fíìkì, ẹ̀wà olóró kan tó ń jẹ́ esere ni wọ́n fi ń dájọ́ rẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́mi, wọ́n á ní kó mu ún. Bó bá bì í, kò jẹ̀bi. Bó bá kú, wọ́n ní ẹ̀sùn náà jóòótọ́. Ẹ̀wà yìí kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì kó lọ sí Scotland. Nígbà tó di 1863, dókítà ojú Argyll Robertson ti ń lò ó fún ojú ní Edinburgh. Ní 1934, dókítà Mary Walker ní London fi èròjà inú rẹ̀ gún obìnrin kan tí iṣan rẹ̀ ti di aláìlágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò gbéra. Abẹ́rẹ́ náà wọlé, ìpéǹpéjú sì gbéra.

Mo rántí esere nítorí àwọn ará wa ní Rexdale, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Toronto. Bí wọ́n bá gbọ́ Botox, májèlé mìíràn tó di oògùn, ohun tó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn olówó tí kò fẹ́ kí ojú wọn hunjọ. Bí a bá wá sọ pé kí a fi gún bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀, ó máa ń jọ àfojúdi létí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ bàbá náà. Lọ́jọ́ tí àrùn ṣẹlẹ̀, ó rọ jọwọrọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí le. Ìgúnpá á ká, ìka á di ẹ̀ṣẹ́, èékánná á máa gún àtẹ́lẹwọ́. Fífọ abẹ́ abíyá á di ìjà, ẹ̀wù wíwọ̀ á di ẹkún. Gìgísẹ̀ náà lè má kanlẹ̀ mọ́. Ọpọlọ ló ń di ìjánu iṣan mú. Bí àrùn bá ba ibẹ̀ jẹ́, iṣan á máa sáré fúnra rẹ̀. Omi gbígbóná àti òrí tí àwọn ìyá wa fi ń wọ́ ọwọ́ ń tu ara lára, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n kò lè dá ìjánu náà padà.

Ibi tí májèlé kejì ti wúlò nìyí. Ní oṣù Kejìlá 1895, àwọn olórin tó ṣeré níbi òkú kan ní Ellezelles, ní orílẹ̀-èdè Belgium, jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ti bàjẹ́. Mẹ́ta nínú wọn kú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Émile van Ermengem ló rí kòkòrò àìfojúrí tó fà á. Oró kòkòrò yẹn ni Botox. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwọ̀n kíún rẹ̀ tọ́jú àwọn tí ojú wọn kì í wo ọ̀kánkán.

Kánádà níbí ni Botox ti di nǹkan ẹwà. Ní 1987, ní Vancouver, dókítà ojú Jean Carruthers ń fi tọ́jú obìnrin kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń pa dé láìfẹ́ rẹ̀, obìnrin náà sì ṣàkíyèsí pé iwájú orí òun ti dán. Alastair, ọkọ Jean, dókítà awọ ara ni. Àwọn méjèèjì ló tẹ ìwádìí náà jáde ní 1992. Ìwòsàn ló ṣáájú, ẹwà ló tẹ̀lé e, ó sì dùn mí pé ẹwà ló gba orúkọ lọ.

Ibi kan náà ni esere àti Botox ti ń ṣiṣẹ́: ojú ibi tí ọpọlọ ti ń fi èròjà kan ránṣẹ́ sí iṣan. Esere kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán tètè pa rẹ́. Botox kì í jẹ́ kó jáde rárá. Iṣan tí a gún á dẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì, á sì tó oṣù mẹ́ta kó tó padà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2002, wọ́n gún iṣan tó ń ká ọrùn ọwọ́ àti ìka àwọn ènìyàn 126 tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù; ọwọ́ àwọn tó gba oògùn gan-an dẹ̀ ju ti àwọn tó gba omi lásán lọ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2010.

Kò jí ibi tó kú nínú ọpọlọ o. Ó ń mú ìrora rọlẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣeé fọ̀, ó sì ń fún fisiotẹ́rápì láàyè. Láìsí ìdárayá yẹn, oṣù mẹ́ta á kàn kọjá lásán ni. Dókítà tó mọ iṣan tí yóò gún ni kó ṣe é, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ẹwà. Bí mímí tàbí gbígbé oúnjẹ mì bá di ìṣòro lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pe 911.

Ilé ìwòsàn Etobicoke General wà ní Rexdale. Ilé ìwòsàn West Park, tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ọwọ́ báyìí, kò jìnnà. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹni yín bá ti ń le, ẹ sọ fún dókítà ìdílé yín pé spasticity, ìyẹn iṣan líle yìí, ni ẹ fẹ́ kó yẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò san owó oògùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró títí oríkèé á fi gan pátápátá, nítorí abẹ́rẹ́ yìí kò lè tú èyí.