Ègùn, Ẹtu àti Àgbọ̀nrín: Ìmọ̀ Dídẹ Ẹran Lórí Ilẹ̀ Kékeré àti Ọdẹ Òru ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáárà

Ní àdúgbò Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lónìí, bí wọ́n bá rán ọmọdé pé kí ó lọ pe ọdẹ wá, kò ní wo apá igbó rárá. Ẹnu géètì àdúgbò ni yóò gbà lọ. Ẹni tí yóò bá níbẹ̀ ni ọkùnrin tí ó ń fi tọ́ọ̀ṣì àti fèrè ṣọ́ òpópónà lóru. Kò sí ẹran ìgbẹ́ tí ọkùnrin yìí ń retí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe òun àti ẹni tí ó gbé ìbọn ṣakabùlà wọ inú igbó. Ó rọrùn láti ka ìlò kejì yìí sí àfiwé lásán tí ìlú ńlá ṣẹ̀dá rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ kan ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀, èyí ni ìmọ̀ mímọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn jókòó sí lórí ilẹ̀ tí kò tóbi, kí ó lè dúró de ohun tí ń bọ̀. Láti lóye ìmọ̀ náà, ó di dandan kí a padà sí orí ègùn, níbi tí ọdẹ ti ń dúró de ẹtu àti àgbọ̀nrín.

Ẹran tí ọ̀rọ̀ kàn

Àgbọ̀nrín ni Bíbélì Yorùbá lò fún ẹranko ilẹ̀ òkèèrè kan tí ìwo rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi, tí ìwo náà sì máa ń wọ́ dànù lọ́dọọdún. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní gbogbo Áfíríkà, apá àríwá nìkan, ní Àlùjíríà àti Tùnísíà, ni ó ti jẹ́ ẹran ìbílẹ̀. Àgbọ̀nrín tí ọdẹ Yorùbá mọ̀, tí àwọn kan tún ń pè ní ìgalà, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Tragelaphus scriptus. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn kejì yìí ni ‘èyí tí a kọ nǹkan sí lára’, nítorí ilà àti àmì funfun tí ó wà lára awọ rẹ̀. Ìwo akọ rẹ̀ lọ́ bí okùn, kì í sì í wọ́. Abo kì í sábà ní ìwo. Òun nìkan ni ó sábà máa ń dá jẹ̀, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, ní òru àti ní ìdájí, kì í sì í fẹ́ jìnnà sí omi àti ibi tí ó lè sá pamọ́ sí.

Ẹtu kéré ju àgbọ̀nrín lọ dáadáa. Èso tí ó bọ́ sílẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ, ojú ọ̀nà kan náà ni ó sì máa ń tọ̀ nínú igbó. Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya irú kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹran yìí, tí wọ́n sọ ọ́ ní Philantomba walteri. Ilẹ̀ Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i, ọjà ẹran ìgbẹ́ sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀rí wọn. Ẹran tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń gé tà tipẹ́tipẹ́ ni sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ.

Ègùn àti oko kékeré

Ègùn ni ibùjókòó tí ọdẹ ṣe sórí igi láti máa retí ẹran tí yóò wá jẹun nísàlẹ̀. Ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí lílé ẹran. Ní Winneba ní orílẹ̀-èdè Gánà, níbi ọdún Aboakyer tí ó máa ń wáyé ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ méjì, Tuafo àti Dentsifo, máa ń figagbága láti fi ọwọ́ lásán mú àgbọ̀nrín láàyè. Ẹsẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni agbára wọn. Agbára ọdẹ orí ègùn kò sí nínú ẹsẹ̀. Ohun tí ó gbára lé ni pé kò sí ìdí láti máa lé ẹran tí ebi yóò lé wá fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí oko rẹ̀ kò ju éékà méjì tàbí mẹ́ta lọ náà fi lè jẹ́ ọdẹ. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èkíní ni oúnjẹ. Ìdí igi ìyeyè ni ó yẹ ní ṣíṣọ́ lásìkò òjò, nígbà tí èso rẹ̀ bá ń rọ̀ sílẹ̀. Ti agbálùmọ̀ yẹ ní ṣíṣọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé ẹ̀wà, ewé ọ̀dùnkún àti ilá máa ń fa àgbọ̀nrín wọ oko. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá gbẹ, àkùrọ̀ tí ó tutù létí odò ni ewéko ṣì wà. Bákan náà ni koríko tuntun tí ó hù lórí ilẹ̀ tí iná jó ṣe máa ń pe ẹran wá. Kàlẹ́ńdà ọdẹ wà nínú igi àti nínú oko.

Èkejì ni ààbò. Àgbọ̀nrín kì í fẹ́ dúró ní gbangba. Àgbẹ̀ tí ó bá ro oko rẹ̀ mọ́ tónítóní títí dé etí odò ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹran síta. Ẹni tí ó bá fi igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láàárín oko àti omi ti ṣí ojú ọ̀nà fún un. Nítorí náà, etí oko ṣe pàtàkì fún ọdẹ ju fífẹ̀ oko lọ.

Ẹ̀kẹta ni atẹ́gùn. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ti gun igi kí oòrùn tó wọ̀, kí ó sì jókòó síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran. Bí àgbọ̀nrín bá fura, yóò gbó bí ajá, gbogbo ẹran tó wà nítòsí yóò sì gbọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Bí iná kábáàdì iwájú orí bá sì mú ojú tí ń tàn nínú òkùnkùn, ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ojú ewúrẹ́ aládùúgbò kí ó tó fa ìbọn.

Ìmọ̀ yìí ní ìkóra-ẹni-níjàánu nínú. Ọmọ kan ṣoṣo ni àgbọ̀nrín sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ilẹ̀ kékeré kì í pẹ́ tán. Ọdẹ tí ó bá ń pa abo ní gbogbo ìgbà tí ó bá gun ègùn yóò máa ṣọ́ igi lásán láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘dẹ’

Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ìmọ̀ yìí. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe ‘dẹ’ ni ‘ọdẹ’ ti jáde. Yorùbá ń dẹ ìgbẹ́, wọ́n ń dẹ ègùn, wọ́n ń dẹ tàkúté, wọ́n ń dẹ pańpẹ́. Bí ẹnì kan bá fi ohun tí ọkàn ẹlòmíràn fẹ́ síwájú rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò ṣe, ó dẹ ẹ́ wò; ibẹ̀ ni ‘ìdẹwò’ ti wá. Kò sí èyí nínú àwọn ìlò yìí tí eré sísá pọn dandan fún. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ni mímọ ohun tí ẹlòmíràn ń fẹ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà wá a. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ‘ọdẹ’ sí ẹni tí ń lépa ẹran nìkan ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ilẹ̀ Àwórì ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà, ìtàn Àwórì sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọdẹ: Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó ti Ifẹ̀ wá sí Ìṣẹrì kí ó tó dé Ìddó. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Ìddó ní ọdún 1896 gba Òṣòdì kọjá. Ní àwọn ọdún 1970, òpópónà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì tẹ̀lé e. Ilé gba ipò oko, pulọ́ọ̀tì sì di òṣùwọ̀n ilẹ̀. Ní Èkó lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ibùgbé tí àgbọ̀nrín àti ẹtu ń fẹ́ lè lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹ́kí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ọgbà náà kò ju hẹ́kítà 78 lọ.

Igi ègùn ti lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ‘dídẹ’ kò lọ. Ọdẹ òru ní Ìsọlọ̀ mọ òpópónà tí ó ṣókùnkùn, ògiri tí ó rọrùn láti fò, àti ṣọ́ọ̀bù tí ojú olè wà lára rẹ̀. Ó mọ ìrìn onílé yàtọ̀ sí ti àlejò. Kò lè máa sáré yí gbogbo àdúgbò ká. Ibi tí ó bá jókòó sí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Títí dé ibí, ọdẹ orí ègùn ni.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá. Àṣeyọrí ọdẹ ìgbẹ́ ni pé kí ẹran má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ti ọdẹ òru ni pé kí olè mọ̀ dájú pé ó wà. Ìdí nìyí tí èkíní fi ń pa ẹnu mọ́, tí èkejì fi ń fọn fèrè, tí ó sì ń fi irin lu òpó iná. Èkíní ń pe ẹran wá. Èkejì ń lé olè jìnnà. Ìdákẹ́ ti di ariwo, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020, tí wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọdẹ sínú rẹ̀, orí ìmọ̀ yìí náà ni wọ́n gbé e kà.

Ìkádìí

Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, ti fi ìdí ẹ̀kọ́ nípa ewì ọdẹ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjálá tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìlú ńlá lè dárúkọ ẹtu, àgbọ̀nrín àti ìyeyè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí èyíkéyìí nínú wọn rí. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lákọsílẹ̀ tí iṣẹ́ tí ó bí i kò sí, orúkọ lásán ni yóò kù. Àwọn ọdẹ àgbà tí wọ́n gun ègùn rí ṣì wà. Àwọn kan lára wọn lè wà lẹ́nu géètì ní Òṣòdì, kí ẹnikẹ́ni má tíì bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ẹ̀kọ́ wà fún olùwádìí láti gbà lẹ́nu wọn: igi wo ni wọ́n ṣọ́, oṣù wo, atẹ́gùn wo, àti ẹran wo ni wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Yorùbá máa ń sọ fún ẹni tí ìròyìn rẹ̀ ti pẹ́ jù pé àgbọ̀nrín èṣí ni ó ń jẹ lọ́bẹ̀. Bí a kò bá ṣe ìwádìí yìí nísinsìnyí, àgbọ̀nrín èṣí ni ẹ̀kọ́ nípa ọdẹ Yorùbá yóò máa jẹ.