Denis Law: Góòlù Mẹ́fà tí Òjò Gbé Lọ, àti Ọ̀kan tí Kò Lọ

A fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣòwò tàbí tí ó ń gba owó oṣù. Bí ènìyàn bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó fẹ́ràn, tí ó sì rí iṣẹ́ ní ìsọ̀ tí ó kọjú sí ti ọ̀gá náà, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó dẹ ọwọ́ iṣẹ́ nítorí ìfẹ́ àtijọ́? Ìtàn Denis Law, agbábọ́ọ̀lù ará Skọ́tílándì tí ó pa ipò dà ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2025, ní ẹni ọdún 84, dá ìbéèrè yìí lóhùn. A rò pé ó yẹ kí a gbé e kalẹ̀ bí ó ti rí, nítorí pé ẹnu ayé ti bu omi là á.

Ìlú Aberdeen, ní etí òkun Skọ́tílándì, ni a gbé bí i ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1940. Apẹja ni baba rẹ̀, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Ilé náà kò ní ọrọ̀. Bàtà tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ni òun náà ń wọ̀. Ara rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ kan a sì máa wo ibòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i kò ní gbà pé yóò wúlò lórí pápá. Síbẹ̀, ní ọdún 1955, ẹgbẹ́ Huddersfield Town ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sọ́dọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1956, ó bá àwọn àgbà wọ pápá ní ẹni ọdún 16. Ní ọdún 1958 ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1960 ẹgbẹ́ Manchester City san pọ́n-ùn 55,000 kí Huddersfield lè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wọn. Kò sí ẹgbẹ́ kan ní Britain tí ó tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ rí lórí ẹnì kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àpò ọmọkùnrin náà ni owó náà wọ̀. Ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ó tà á ni ó bọ́ sí. Ní ayé ìgbà náà, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù kankan gba owó iṣẹ́ tí ó ju pọ́n-ùn 20 lọ lọ́sẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1961 ni a tó fagi lé òfin náà.

Nínú oṣù yẹn gan-an, ní ọjọ́ 28, City lọ bá ẹgbẹ́ Luton Town figagbága nínú ìdíje Ife FA. Luton kọ́kọ́ gbá méjì wọlé. Law dìde, ó gbá mẹ́fà, òun nìkan. Ṣùgbọ́n òjò kò dá, pápá di àbàtà, nígbà tí ó sì ku bí ogún ìṣẹ́jú kí eré parí, rẹ́fírì fọn fèrè pé kò lè tẹ̀síwájú mọ́. Gbogbo góòlù náà di òfo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì wọ́n tún eré náà gbá, Luton sì borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Law náà ni ó gbá ẹyọ kan ọ̀hún. Àgbẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti gbá oko rẹ̀ lọ rí yóò mọ irú ìrora yìí.

Ní ọdún 1961 náà ẹgbẹ́ Torino ti ilẹ̀ Ítálì rà á ní pọ́n-ùn 110,000, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò bá a lára mu, kò sì lò ju sáà kan lọ níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1962, Matt Busby, ọmọ Skọ́tílándì bíi tirẹ̀, rà á wá sí Manchester United ní pọ́n-ùn 115,000. Ìlú kan náà ni United àti City wà, wọn a sì máa bá ara wọn díje gidigidi. Busby ń tún ilé rẹ̀ kọ́ nígbà náà, nítorí pé mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tí ó ṣẹlẹ̀ ní Munich ní oṣù kejì ọdún 1958.

Ibẹ̀ ni òkìkí Law ti kàn. Ní sáà 1963 sí 1964, góòlù 46 ni ó gbá, kò sì sí ẹni tí ó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà ní sáà kan. Ní ọdún 1964 a fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ ní Yúróòpù, òun nìkan ṣoṣo sì ni ọkùnrin ará Skọ́tílándì tí ó gba ẹ̀bùn náà. United gba ife líìgì ní ọdún 1965 àti 1967. Nígbà tí wọ́n gba ife Yúróòpù ní ọdún 1968, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó wà, nítorí orúnkún rẹ̀ tí ń dùn ún. Ní àpapọ̀, góòlù 237 ni ó gbá fún United nínú eré 404.

Nígbà tí ó di ọdún 1973, tí agbára ń dínkù, ọ̀gá tuntun, Tommy Docherty, dá a sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. City sì tún gbà á.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1974. Nǹkan ti burú fún United, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìpele kejì. City wá bá wọn ní Old Trafford, ilé wọn. Nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bọ́ọ̀lù kan Law lẹ́sẹ̀ ní ẹnu àwọ̀n, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì fi gìgísẹ̀ gbá a wọlé. Kò fò sókè, kò na ọwọ́. Orí ni ó sọ̀ kọ́, a sì mú un jáde kúrò lórí pápá. Àwọn olólùfẹ́ United ya wọ pápá, a sì dá eré náà dúró kí àkókò tó pé.

Ẹ wo bí ayé ti rí. Ní Luton, a dá eré dúró, góòlù mẹ́fà tí ó fi ayọ̀ gbá sì di asán. Ní Old Trafford náà a dá eré dúró, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tí ó bà á nínú jẹ́, àwọn aláṣẹ ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wí pé Law ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti United sí ìpele kejì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹgbẹ́ Birmingham City borí Norwich ní ọjọ́ kan náà, ìyẹn sì ti tó láti já United sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé Law kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá. Síbẹ̀, òun tìkára rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ṣàṣà ni ìgbà tí inú òun bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Eré líìgì kankan kò tún sí fún un mọ́ lẹ́yìn èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ó bá Skọ́tílándì lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì, ó sì gbá eré kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi borí Zaire pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo. Lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Góòlù 30 ni ó ti gbá fún ilẹ̀ rẹ̀ nínú eré 55.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: Law gba owó City, ó sì ṣe iṣẹ́ City, bí ó tilẹ̀ ń dùn ún. United kò sì torí ìyẹn kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ní ọdún 2008 wọ́n gbé ère òun, George Best àti Bobby Charlton ró sí iwájú Old Trafford, níbi tí góòlù náà ti wọlé. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní òtítọ́, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pàápàá kì yóò lè sọ pé kò níláárí.