Aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀: ohun tí dókítà ẹranko ń rí ní kíníìkì

(Ohùn mẹ́rin tí dókítà wa fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ni a tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí dátà wọn ò tó àti àwọn tó wà níbi iṣẹ́. A tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.)

*Ohùn kìíní*

Àwọn kan ní kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, àwọn kan sì ń bínú pé kí ló dé tí owó ìtọ́jú ajá fi wọ́n tó báyìí. Mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Inú mọ́tò ni mo wà, ṣùgbọ́n mo ti páàkì o, ẹ má bẹ̀rù.

Kíníìkì wa ò jìnnà sí ráńdábáòtù Galadimawa. Láti Lokogoma, Apo, Gudu àti àwọn ẹ̀sítéètì àdúgbò yìí ni wọ́n ti ń wá. Ajá tó ń ṣọ́ ilé ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ológbò, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ehoro. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ajá kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò, fíríìjì ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8. Tí iná bá lọ lóru tí a ò tan jẹnẹrétọ̀, oògùn tó wà nínú ìgò kékeré yẹn lè bàjẹ́ láìyí àwọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan gbé wá sílé yín nínú ọ̀rá, nínú oòrùn ọ̀sán, ó lè jẹ́ pé omi lásán lẹ fi owó yín rà.

Ọdún mẹ́fà la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, Zaria ni o, Ibadan ni o, Nsukka ni o. Lẹ́yìn náà, Veterinary Council of Nigeria gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wa sílẹ̀ kí a tó lè ṣe é. Màlúù, ẹṣin, adìyẹ, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ la kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà, kò sí nínú ìwé kankan: aláìsàn wa ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a sọ ọ́. Tí ẹ bá sọ òótọ́, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún mi. Tí ẹ bá fi pamọ́, inú òkùnkùn ni mo wà.

*Ohùn kejì*

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ. Bàbá kan gbé ajá wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ajá ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Mo ní, "Sà, kí ló jẹ? Kí lẹ fi pa á lára?" Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ni. Mo tún béèrè, wọ́n ní kò sí. Ọmọ wọn obìnrin, kò lè ju ọdún méje lọ, ló bá ní, "Dádì, ọ̀tápiápiá tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ilé pa rọ́rọ́. Nítorí eégbọn ni wọ́n ṣe dà á sí i lára. Oògùn tó ń pa aáyán àti ẹ̀fọn yẹn máa ń gba ara wọlé, iṣan ara ló sì ń bá jà. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń dá a dúró, átírópìnì, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ̀ ká tó fún un, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kíákíá. A fún un, a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ajá yẹn yè. Ọmọ yẹn ló gbà á là, kì í ṣe èmi.

Bákan náà ni parasitamọ́ọ̀. Ẹ má fún ológbò ní parasitamọ́ọ̀ láéláé, àní ìdajì hóró. Ara ológbò ò ní agbára láti tú oògùn yẹn, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá ti fún un tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Mi ò ní bú yín.

Ká wá lọ sórí ọmọ ajá. Ẹ ra ọmọ ajá, wọ́n fún yín ní káàdì pé ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́. Mo ti rí káàdì tí déètì abẹ́rẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bí ajá náà! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ajá ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn gan-an. Pafó nìyẹn, àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ajá káàkiri ayé ní 1978. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀ nínú ara ajá. Dírípù la ń fún un, oògùn tí kò ní jẹ́ kó bì, ọ̀sán àti òru, títí ara rẹ̀ fi máa borí. Ẹ wá rí ibi tí owó ń lọ báyìí: ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, omi dírípù, iná, ẹni tó máa sùn tì í. Nígbà míì, a ṣe gbogbo ẹ̀, ajá ṣì kú. Kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ ilé yín fún oṣù púpọ̀, ó ń dúró de ọmọ ajá mìíràn.

Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dènà rẹ̀, a máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a óò máa tún un fún un títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹyọ kan ò tó. Ààbò tó rí gbà nínú ọmú ìyá rẹ̀ lè máà jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí tí a fi ń tún un nìyẹn, kì í ṣe pé a fẹ́ jẹ owó yín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, owó abẹ́rẹ́ kan ò tó owó ọjọ́ kan lórí dírípù.

*Ohùn kẹta*

Èyí tó kù yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́, ẹ pe àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ni.

Ìyá kan gbé ajá wá, wọ́n ní egungun há a lọ́fun. Ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń kán, kò lè gbé nǹkan mì. Wọ́n ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu nílé láti wá egungun. Ohùn gbígbó rẹ̀ sì ti yí padà. Ara mi bù mọ́ra. Ẹ mọ̀ pé a rò pé ajá dìgbòlugi gbọ́dọ̀ máa sáré kiri kó máa bu èèyàn jẹ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kàn ń dákẹ́ ni, àgbọ̀n wọn á rọ, wọ́n á dà bí ẹni tí egungun há lọ́fun.

Mo béèrè: "Ṣé ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ?" Wọ́n ní rárá. Mo wo máígádì tó bá wọn gbé ajá wá. Aṣọ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo bi í ní Hausa, ó wo ojú màdáámù, ó wolẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni ajá náà ti gé e jẹ. Ẹ̀rù ló ń ba ìyá yẹn pé tí òun bá sọ ọ́, a óò pa ajá òun. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n o. Wọ́n fẹ́ràn ajá yẹn ni.

A ti ajá mọ́ inú kéèjì. Máígádì, ìyá náà, àti ọmọ méjì tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, gbogbo wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gba abẹ́rẹ́ ìdènà tẹ́lẹ̀. Ajá kú lọ́jọ́ kejì. A gbé orí rẹ̀ sínú yìnyín, ó lọ sí National Veterinary Research Institute ní Vom, lẹ́bàá Jos, torí ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Dìgbòlugi ni. Máígádì yẹn ṣì wà láàyè, ó ń kí mi tí mo bá kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí ayé ń sọ ìtàn wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń kú lọ́dún, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọmọdé. Ajá ló ń kó o ran nǹkan bí 99 nínú 100 wọn. Ṣùgbọ́n kí àmì tó hàn, a lè dá a dúró. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́, tí ọmọ náà yè, la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ajá bá bu yín jẹ:

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi ásíìdì bátìrì sí i.

Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà á pé.

Ẹ má pa ajá náà kí ẹ sin ín. Tó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ tì í mọ́lé, kí ẹ pe dókítà ẹranko. Ọjọ́ 10 la fi ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 10 kí ẹ tó lọ sí ọsibítù.

*Ohùn kẹrin*

Ẹnì kan béèrè pé ṣé ó ń dùn wá tí a bá fún ajá ní abẹ́rẹ́ kó sùn lọ. Ó ń dùn wá. Kò tíì mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni èyí tí kò yẹ kó kú: èyí tí abẹ́rẹ́ kan ì bá gbà là, àti èyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá gbà là, tí wọn ò sọ ọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ sọ: ohun tí ó jẹ, ohun tí ẹ fi pa á lára, abẹ́rẹ́ tó ti gbà gan-an, àti ẹni tó bù jẹ. Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ìyẹn náà wúlò fún wa. Owó tí ẹ ní náà, ẹ sọ ọ́, a ó jọ wo ohun tó ṣeé ṣe.

Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ajá yín. Àjẹsára dìgbòlugi, oṣù mẹ́ta ni kí ẹ ti gbà á fún un, kí ẹ sì máa tún un gbà lásìkò tí dókítà bá kọ sí káàdì rẹ̀. Tí ti ajá yín bá ti kọjá, ẹ gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n lọ, aláìsàn kan ti dé, mo ń gbọ́ gbígbó rẹ̀. Ó dìgbà o.