Òkè Wo Ni Ẹsẹ̀ Yín Lè Gùn? Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Múra Gálílì

Bí Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn ní Ọlọ́runṣògo wa ní Ìbàdàn: níbo la ń lọ fún ìgbafẹ́ Gálílì lọ́dún yìí? Èmi ni wọ́n máa ń wá bá, nítorí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Èmi ni mo ń bá onímọ́tò dúnàá-dúrà, èmi ni mo ń gba owó, èmi náà ni mo ń ka orí kí ọkọ̀ tó ṣí. Ohun tí ojú mi ti tó lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo agbègbè wa, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà. Ibi tó dára pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi tó dára ló bá gbogbo ẹsẹ̀ mu.

Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń yan ibi tí wọ́n ń lọ ni pé ẹnì kan rí àwòrán lórí WhatsApp, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lórí àpáta Ìdànrè, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kíá, gbogbo ẹgbẹ́ ti dáwó. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, ìdajì wọn á jókòó sẹ́sẹ̀ òkè, wọ́n á máa jẹ ìrẹsì inú kúlà, wọ́n á sì máa wo ẹ̀yìn àwọn tó ń gùn ún lọ. Owó mọ́tò kan náà ni wọ́n san, wọn kò sì rí nǹkan kan wò. Ó máa ń dùn mí.

Òkè òkun ni mo ti rí ọgbọ́n tó lè yanjú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bo orí òkè, bíi Faransé àti Switzerland, ìgbà òtútù ni àwọn èèyàn ń lọ ṣeré lórí òkè. Wọ́n á de pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ bàtà, wọ́n á sì máa yọ̀ bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ètò wọn ni pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ní Faransé, àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, búlúù ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, pupa ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa, dúdú sì ni ti ọ̀gá. Ẹni tó bá rí àwọ̀ ti mọ ohun tó ń bẹ níwájú rẹ̀. Àwọn òkè tiwa kò ní àwọ̀, nítorí náà mo ti fi àwọ̀ sí wọn fún ẹgbẹ́ wa. Bí mo ṣe tò wọ́n nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ yín wò

Oko ni ọ̀pọ̀ wa dàgbà sí, a sì gbà pé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tó tẹ́jú la ti ń rìn lọ sóko. Ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ dọ́sàn-án lè máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, nítorí níbẹ̀, itan àti orókún ló ń gbé gbogbo ara sókè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sísọ̀kalẹ̀ sì tún ń ni orókún lára ju gígùn lọ. Ẹni tí orókún ń dùn, ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ibi ìdánwò tó sún mọ́ wa jù ni ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, tó dé síbẹ̀ ní 1893. Àtẹ̀gùn tó yí po nínú rẹ̀ jẹ́ 47. Ẹ gùn ún láì dúró. Bí ẹ bá dé òkè tí ẹ ṣì lè máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ geere, tí ẹ ń fi páànù ilé Ìbàdàn han ara yín, ẹsẹ̀ yín dá ṣáṣá. Bí ẹ bá ní láti gbá ògiri mú kí ẹ tó lè dáhùn kíkí, ẹ má tíì sanwó Ìdànrè. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ó ju Láyípo lọ́nà méjìlá lọ.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ń wú ikọ́ fée àti aláboyún gbọ́dọ̀ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ gun òkè kankan.

Àwọ̀ ewé: ibi tí ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ lè lọ

Kò yẹ kí ẹ fojú kéré ibi tí kò ní òkè. Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn ní igi, adágún odò àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́; àwọn ọmọ kéékèèké kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, IITA wà ní Akínyẹlé wa níbí. Láti 1967 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n ti dáàbò bo igbó kan nínú ọgbà náà tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà. Ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú wa pè, Malimbus ibadanensis, aláwọ̀ dúdú àti pupa, tó jẹ́ pé ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan la ti ń rí i, wọ́n sì ti rí i nínú igbó náà. Ẹ bá wọn ṣètò kí ọjọ́ tó pé, nítorí ọgbà iṣẹ́ ni.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣọ̀nà wa mọ síbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àjọ UNESCO fi igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ní Ìkógosì, ìpínlẹ̀ Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn láti inú ilẹ̀, wọ́n sì pàdé lójú ẹni. Ilé àlejò wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sùn. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá wọ inú omi gbígbóná yẹn láàárọ̀, ẹ óò mọ ìdí tí mo fi ń polówó rẹ̀.

Búlúù: òkè tó ń ran ẹni lọ́wọ́

Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni mo máa ń kọ́kọ́ mú ẹni tí kò gun òkè rí lọ. Àtẹ̀gùn wà, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i nígbà àtúnṣe 2006. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn yóò rí ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní 1830, títí kan ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lórí àpáta. Ẹni tó fẹ́ràn ọjà yóò rí àdìrẹ rà ní Ìtòkú nítòsí ibẹ̀. Àwa ará Akínyẹlé tún ní oore kan: ibùdó ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 wà ní Mọníyà, ọkọ̀ náà sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ẹ wádìí àsìkò tó ń lọ àti àsìkò tó ń bọ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Pupa: Adó-Àwáyè

Láti Mọníyà, ọ̀nà Ìjàyè ló máa gbé yín dé Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa kan Adó-Àwáyè. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 300, oòrùn sì ń pa èèyàn lórí àpáta, nítorí igi kò pọ̀. Lókè ni adágún Ìyákẹ́ wà, omi tó jókòó sórí òkè. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ará ìlú gbà pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde mọ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ibí ni mo ń mú ẹni tó ti gun Olúmọ láì ráhùn lọ.

Dúdú: Ìdànrè

Ìdànrè, nítòsí Àkúrẹ́, ni ọ̀gá. Ibi ìsinmi wà lójú àtẹ̀gùn, ẹ má fo ọ̀kankan. Lókè, ìlú àtijọ́ ló ń dúró dè yín: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé. Nǹkan bí 1923 ni àwọn ará ibẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ wá máa gbé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú ààfin yẹn lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tó ronú pé lórí òkè yìí ni àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ pọ̀n, tí wọ́n ń pọn omi, yóò gbóríyìn fún wọn.

Ibi tó ní gbogbo àwọ̀

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní àgbà, ọ̀dọ́ àti ọmọdé pọ̀, Erin-Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ lọ. Ẹ gba Ẹ̀gbẹ́dá jáde, ẹ kọjá Aṣẹ́jìrẹ́, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Omi Olúmirìn ń já bọ́ láti òkè ní ìpele méje. Ìpele kìíní kò ni ẹnikẹ́ni lára. Láti ibẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi ni ẹ óò máa dì mú, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ àwọn èèyàn ti fà títí tó fi ń dán. Ẹsẹ̀ kan á wà lórí òkúta, ẹ̀kejì á máa wá ibi tí yóò tẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún dé ìpele keje ti súnmọ́ ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n Aláayè.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa jókòó sí ìpele kìíní, ó ká ìró rẹ̀ dé orókún, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Ọ̀dọ́ kan ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n dì yín mú, ẹ̀ẹ́ rí èkejì náà." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Mo ti dé ibi tí mò ń lọ." Àwọn ọ̀dọ́ gun òkè, ìyá gbádùn omi, kò sẹ́ni tó sọ pé òun fi owó òun ṣòfò.

Àsìkò àti ẹrù

Lásìkò òjò, omi Erin-Ìjẹ̀ṣà máa ń pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àpáta ń yọ̀. Nígbà ọyẹ́, omi á dínkù, eruku á sì bo ohun tó yẹ kí ẹ rí láti orí Ìdànrè. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù: òjò ti ń dáwọ́ dúró, omi ṣì wà. Bó bá jẹ́ ìgbà Àjíǹde, ooru máa ń mú. Ẹ tètè kúrò nílé, kí ẹ lè gun òkè kí oòrùn tó gbóná.

Bàtà kánfáàsì tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ gbé omi mímu dání, omi púpọ̀. Ẹ gba ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà kó ṣáájú yín. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ọ̀rá omi àti páálí oúnjẹ tí ẹ bá gbé gùn ún, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí ẹ tó dárúkọ ibì kankan, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù àti ẹni tí orókún ń dùn nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ bi wọ́n bí ara wọn ṣe rí. Ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ fi yan ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ Ìdànrè lè lọ lọ́jọ́ mìíràn; òkè náà kò ní kúrò níbẹ̀.