Ẹ Lọ Wo Oko Kòkó Tuntun Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ fi máa ń kó àgbẹ̀ jọ lọ sí oko ẹni tó gbin kòkó ní ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn. Olóko á mú wọn rìn yí oko ká, wọn á sì béèrè ohun tó bá rú wọn lójú.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló yẹ kí á lọ? Ní oṣù kẹfà, kò sí oko kòkó tí kò rẹwà, torí òjò ń rọ̀. Oṣù kìíní àti oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń hàn. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa ọmọ kòkó jù. Èyí tó bá là á já ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá kú, owó nọ́sìrì, owó alágbàṣe àti odidi ọdún kan ló bá a lọ. Bí wọ́n bá pè yín sí ìrìn oko nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe sọ pé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ lọ wò. Ohun tó yẹ kí ẹ wò nìyí.

1. Ibòòji
Ọmọ kòkó ò fẹ́ oòrùn gangan lórí. Olóko tó mọ iṣẹ́ á ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kí kòkó tó wọlẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ọdún tó ṣáájú ló dára jù. Ẹ dúró ti igi kan lọ́sàn-án, kí ẹ wo ilẹ̀. Bí oòrùn bá ń gba àárín ewé yọ díẹ̀díẹ̀, ó dára. Bí oòrùn bá ń ta sí i tààrà, ẹ ó rí i pé ewé ti pọ́n, etí rẹ̀ sì ti jó. Bí ibòòji bá pọ̀ jù, igi á gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ bi olóko pé, "Ìgbà wo lẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí?" Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wà fún ibòòji nìkan, òun náà ló ń mówó wọlé títí kòkó á fi so.

2. Ìdí igi
Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ìdí igi. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n koríko náà ò gbọ́dọ̀ kan ara igi, nítorí ikán àti ìjẹrà. Kó jìnnà sí i tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Bí olóko bá gbà, kó fa igi kan tó ti kú tu. Ẹ wo gbòǹgbò àárín rẹ̀. Bí ó bá ká, ó lè jẹ́ pé kòtò ò jìn tó, tàbí kó jẹ́ pé ó pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ò lè wá omi lọ sísàlẹ̀.

3. Iye igi tó yè
Bí ẹ bá gbin kòkó ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, éékà kan á gba nǹkan bíi igi 435. Ẹ tọ ìlà kan, kí ẹ ka ojú ihò 20. Bí 5 bá ti kú, ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn, ó sì lé ní 100 igi lórí éékà kan. Ẹ kà á lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ tún kà á níbi tí kò sí ibòòji. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ fúnra yín.

4. Irúgbìn
Ẹ béèrè ibi tí olóko ti rí irúgbìn. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ní oríṣi 8 tí wọ́n ń pè ní TC-1 dé TC-8. Bí wọ́n bá tọ́jú wọn dáadáa, wọ́n máa ń tètè so. Ẹ má ṣe ká èso lára igi olóko lọ ṣe irúgbìn. Kòkòrò kéékèèké ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti igi kan sí òmíràn, nítorí náà ọmọ lè má jọ ìyá.

5. Àrùn
Erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà lè gbé àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Ẹ fọ bàtà àti àdá kí ẹ tó wọ oko tiyín. Bí ẹ̀ka igi kan bá wú, tí iṣan ewé titun rẹ̀ sì pupa, ẹ tètè pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn. Àrùn yìí ò ní oògùn, àfi kí wọ́n gé igi náà kúrò.

Nígbà tí ẹ bá délé
Ẹni tó fẹ́ gbin kòkó ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, kó ti kó irúgbìn sínú ọ̀rá láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní. Kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́, bí kò bá tíì gbìn ín tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí kòkó bá wọlẹ̀, kó ya ọ̀rá kúrò pátápátá. Kó bo ìdí igi ní oṣù kọkànlá, kí ilẹ̀ tó gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé tán, koríko ò lè dá omi tó ti lọ padà mọ́.