Ọnà Èdè Nínú Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Rẹ

Ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, o lè gbọ́ kí àwọn àgbà sọ pé, "Ojú ọ̀run ya lónìí." O kò ní gbójú sókè láti wá ibi tí ó ti ya. O mọ̀ pé òjò náà ni ó pọ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni a ń pè ní ọnà èdè. Ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà.

Ká ní o ka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kan, o sì rí i níbẹ̀ pé, "It was raining cats and dogs." Bí o bá dáhùn pé ológbò àti ajá ń já bọ́ láti ọ̀run, o ti pàdánù máàkì. Òjò ńlá ni wọ́n ń wí. Nígbàkúùgbà tí ohun tí o kà kò bá lè ṣẹlẹ̀ rárá, dúró. Tún un kà pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Àfiwé tààrà kò ṣòro láti dá mọ̀. Àwa a máa lo "bí": "Ó dúdú bí kóró iṣin." Gẹ̀ẹ́sì a máa lo "like" tàbí "as". Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ó gba ìrònú, nítorí kò sí "bí" níbẹ̀. Bí a bá ní, "Kìnnìún ni Akin," Akin kò ní ìrù. Bi ara rẹ pé: kí ni Akin àti kìnnìún fi jọra? Ìgboyà ni.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o! Nínú àlọ́ wa, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ìjàpá. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi ènìyàn wé "tortoise", pé ó ń fà nílẹ̀ ni wọ́n sábà ń wí. "Fox", ìyẹn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ni wọ́n ń fi alárèékérekè wé. Nítorí náà, bí o bá kọ ọ́ pé "My uncle is a tortoise", tí o rò pé o yin ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, olùkọ́ lè rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò yá.

Ọ̀rọ̀ ikú ni ó léwu jù. Yorùbá kì í sọ pé ọba kú. A ní ọba wàjà. Bí o bá túmọ̀ èyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kà á yóò rò pé Kábíyèsí wọ inú àjà lọ wá nǹkan ni. Gẹ̀ẹ́sì náà ní "kick the bucket". Kò sí ẹni tí ó ta korobá nípàá. Ẹni náà kú ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ "ta téru nípàá" tiwa. Ọ̀rọ̀ àwàdà sì ni. Ká ní bàbá ọ̀rẹ́ rẹ kú, tí o fi ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, yóò dà bí ẹni pé o ń fi òkú bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín, bí o kò tilẹ̀ ní ibi lọ́kàn. "Passed away" ni kí o kọ. Ọnà èdè ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀wọ̀ nínú.