Àlejò Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Nínú òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, mítà 7.32 ni fífẹ̀ ojú ilé, mítà 2.44 sì ni gíga rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Òtu ní Òkè-Ògùn, ì báà jẹ́ ní London. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá sáwọ̀n níbì kan, irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ náà ni yóò bá níbòmíràn. Gọ́ọ̀fù kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré tí bọ́ọ̀lù yóò wọ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà, mìlímítà 108. Bó ṣe jìnnà tó síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, igi tó dínà, omi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kòtò yanrìn tó wà láàárín, ọwọ́ ilẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó la pápá ni gbogbo ìyẹn wà. Òfin ní kí igi ìgbábọ́ọ̀lù tí èèyàn máa gbé dání má ju 14 lọ. Yóò fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò 18 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ bá sì kéré jù ló borí. Èrò tèmi ni pé nígbà tí ẹni tó mọ eré yìí dáadáa bá dé pápá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí, tó sì fìdí rẹmi, a kò gbọ́dọ̀ sáré dá apá rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tó ti fọkàn sí pé ilẹ̀ yóò ṣe, tí ilẹ̀ kò ṣe, ló sábà máa ń gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Àjòjì lójú, àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Yorùbá níbí. Pápá Ikoyi Club 1938 l'Ékòó tẹ́jú, kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Ti Lakowe, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, adágún omi ló pọ̀ níbẹ̀. Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí òkè ni wọ́n là á sí. Ẹni tó bá ti Ìkòyí lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, tó gbá bọ́ọ̀lù sápá òkè bó ṣe ń gbá a nílé, yóò rí i pé kò dé ibi tó fojú sùn, nítorí ilẹ̀ ti gòkè wá pàdé rẹ̀ kó tó parí ìrìn rẹ̀ lójú òfuurufú. Bó bá gbá a sísàlẹ̀, yóò kọjá ibi tó fẹ́. Bí a bá wá kọrí sí ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Òkè-Ògùn títí wọ ilẹ̀ Haúsá, àsìkò ọdún tún wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gbé Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí mọ bí yangí ṣe máa ń le nígbà ọyẹ́. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ta, yóò sì yí lọ jìnnà, nígbà mìíràn wọnú igbó. Nígbà òjò, orí ilẹ̀ yẹn kan náà ni bọ́ọ̀lù yóò ti rì sí ojú ibi tó balẹ̀, débi pé òfin ṣètò bí wọ́n ṣe lè gbé e jáde láìsanwó ìtanràn. Ní ọ̀pọ̀ pápá ìhà àríwá, omi kò tó tí koríko tútù fi lè yè yí ihò ká nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Yanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀, bíráwùn ni wọ́n sì ń pè é. Kéèyàn tó gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi nǹkan fa ojú yanrìn náà kí ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá lè parẹ́. Koríko ní apá tó dojú kọ, bọ́ọ̀lù sì máa ń lọ́ra bó bá lòdì sí i. Yanrìn kò ní irú ìyẹn. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá kọ́ bí a ṣe ń wo koríko, ó di akẹ́kọ̀ọ́ lójú bíráwùn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wá láti ibi tí gọ́ọ̀fù ti lókìkí jù, St Andrews ní Scotland. Bobby Jones, ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tó dé Old Course níbẹ̀ fún ìdíje Open ti Britain ọdún 1921. Kì í ṣe ọ̀dọ́ lásán, torí láti ọmọ ọdún 14 ló ti ń bá àwọn àgbà figagbága nílé. Síbẹ̀, ní ìpele kẹta, ó kó sínú kòtò yanrìn ní ihò kọkànlá, ó sì pa ìdíje náà tì síbẹ̀. Ní 1927 ó padà wá, ó gba Open lórí pápá yẹn gan-an. Ní 1930 ó tún gba ìdíje àwọn tí kì í gbowó níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ti dàgbà sí i láàárín ọdún mẹ́fà, n kò sì ní sọ pé mímọ ilẹ̀ nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n pápá tó kọ́kọ́ bínú sí ló padà wá fẹ́ràn jù, ní 1958 ìlú St Andrews sì fi í ṣe ọmọ onílùú.

Ẹlòmíràn lè ní ṣebí Sandy Lyle wá láti Britain ní 1978, lẹ́ni ogún ọdún, ó sì gba Nigerian Open lọ. Lóòótọ́ ni, àgbà òṣèré sì ni ó padà dà: ó gba Open ti Britain ní 1985 àti ìdíje Masters ní 1988. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kì í fò sórí pápá ìdíje bí ẹyẹ. Wọ́n á ti rìn ín wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ní kádì tó ń gbé àpò wọn. Àlejò lásán tó wá gbá a lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo kò ní àyè yẹn. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Àwọn kan á ní fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kádì. Láti 2019 ni òfin ti fàyè gba ẹ̀rọ tó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó, àyàfi tí pápá bá kà á léèwọ̀. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n jíjìnnà ló mọ̀. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ iwájú ihò keje le ju ti ẹ̀yìn lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tàbí pé afẹ́fẹ́ máa ń yí padà lẹ́yìn ọ̀wọ́ igi yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tó ń gbé àpò lójoojúmọ́ mọ̀ ọ́n. Òfin pàápàá fi ipò kádì hàn: o lè bi ẹnikẹ́ni níbi tí omi wà àti bó ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n bí o bá bi ẹni tí ẹ jọ ń díje ní irú igi tó yẹ kí o mú, ìtanràn gbígbá méjì ni. Kádì rẹ nìkan, tàbí ẹnìkejì rẹ bí ẹ bá jọ ń gbá a pọ̀ ní méjì-méjì, ni o lè bi. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ̀gá tó gun ọkọ̀ ńlá wá láti bi ọmọdé tó ń pè é ní ọ̀gá. Bó bá kọ̀, iye gbígbá rẹ̀ ni yóò sanwó ẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ dá ẹni tó bá ní eré olówó ni, kí ló kan ará Òtu, lóhùn. Owó ni wọ́n fi ń wọ ẹgbẹ́ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn kò sì tíì ní pápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ lónìí, gbígbé àpò fún àwọn ọ̀gá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n tó ní igi tiwọn. Ọmọ tó ti tẹ̀lé ọdẹ wọ ẹgàn, tó mọ̀ pé a kì í ti igbó onígbó sáré kọjá, ti ní apá kan ẹ̀kọ́ yìí.

Ìṣirò kan wà tí àlejò máa ń fi ọkàn tán. Láti 2020 ni ètò kan ti wà káàkiri ayé tó ń fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ní àfikún, kó lè bá ẹni tó jù ú lọ díje. Wọ́n ń fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 55 dé 155 díwọ̀n bí pápá ṣe le tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. 113 ló wà ní déédéé. Bí ìdiwọ̀n àfikún tìrẹ bá jẹ́ 18, tí o wá dé pápá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 130, wọ́n á fi 18 sọ 130 di púpọ̀, wọ́n á fi 113 pín in, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 21, láìka àtúnṣe mìíràn tó bá wà. Àfikún gbígbá mẹ́ta nìyẹn, torí pé pápá le. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn láti ogún ọdún, tí ìdiwọ̀n àfikún tirẹ̀ náà jẹ́ 18, 21 kan náà ni wọn yóò fún un.